Ọkọ̀ Tí A Fẹ́ Fi Gbé Ìyá Àgbà Relé

Bí mo bá ń kọjá níwájú ilé tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ tuntun, tí mo rí gíláàsì gàgàrà tí wọ́n ti nù títí ó fi ń dán, àti àwọn ọmọge tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ẹni tó bá ń wọlé, inú mi ṣì máa ń ru. Èmi náà ti ní ọmọ-ọmọ báyìí, àwọn ọmọ mi sì máa ń sọ pé, "Mọ́mì, ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́, ẹ gbàgbé ẹ̀." N kò gbàgbé. Àwọn kan a máa sọ pé ìyà tó jẹ wá nígbà Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, ìjọba ológun ló fà á, pé gbogbo ìlú ló sì jẹ ẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìjọba kọ́ ló jókòó nínú ọ́fíìsì tó tutù ní Ìkẹjà, tó ń wo ojú bàbá mi, tó ń parọ́ fún wọn. Ènìyàn ni. Ó ní orúkọ, ó ní ìyàwó, ó sì ṣeé ṣe kó ní ìyá.

Agége là ń gbé nígbà náà, nínú àgbàlá Bàbá Onílé, ọmọ bíbí ìlú náà, tí bàbá wọn ti ń dáko níbẹ̀ kí ilé tó gba ilẹ̀ tán. Ilé wa kò jìnnà sí ojú irin. Bí ọkọ̀ ojú irin bá fọn fèrè ní ìdájí, àwo inú kọ́ńbọ́ọ̀dù màmá mi á máa gbọ̀n, a ó sì mọ̀ pé ó yá láti dìde. Bàbá Onílé á ti máa wúkọ́ lọ síbi omi àlùwàlá, àwọn tó ń po ìyẹ̀fun ní ilé búrẹ́dì ẹ̀yìnkùlé wa á ti máa là á mọ́ tábìlì, gbì, gbì, òórùn búrẹ́dì gbígbóná á sì gba ojú fèrèsé wọlé wá bá wa lórí ẹní. Òórùn náà la sábà máa ń jẹ, nítorí búrẹ́dì ti di ohun tí a ń rà fún aláìsàn. Ẹ̀kọ tútù àti àkàrà ni màmá mi ń fún wa. Èmi ni mo ń fa omi nínú kànga, èmi ni mo ń gbálẹ̀, tí mo bá sì ti ṣe tán, mo máa ń lọ jókòó ti Ìyá Àgbà lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn. Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí bàbá mi. Wọ́n wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti wẹ àbúrò mi kékeré, wọ́n sì ṣubú lórí ilẹ̀ tó tutù ní balùwẹ̀. Láti ìgbà náà ìbàdí wọn kò gba ìjókòó ọkọ̀ èrò mọ́, níbi tí orúnkún ẹni ti máa ń kan ẹ̀yìn ẹni iwájú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe di ará Èkó láìfẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ wọn, Ògbómọ̀ṣọ́ ni, nínú Ògbómọ̀ṣọ́ náà sì rèé, Àdúkẹ́ ni. Àdúkẹ́ ni àbúrò kan ṣoṣo tó kù fún wọn láyé. Àwọn méjèèjì ló jọ ta iyọ̀ láti kékeré, wọ́n ní ìjà kò tíì mọ́jú láàárín àwọn rí.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni bàbá mi ra ọkọ̀. Wọ́n jẹ́ súpáfáísọ̀ ní ilé iṣẹ́ aṣọ híhun kan ní Ìkẹjà, wọ́n sì ti ń tu owó jọ láti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi. Àkókò yẹn gan-an ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ra tòkunbọ̀, ọkọ̀ tí òyìnbó ti lò kù. Bàbá Onílé ní ọ̀kan, gbọọrọ, ó ti ṣá, ilẹ̀kùn rẹ̀ kan kì í ṣí láti inú, ṣùgbọ́n ó ń rìn. Wọ́n ní kí bàbá mi ra irú rẹ̀. Bàbá mi ní, "Bàbá, n ò ní gbé ìṣòro òyìnbó wọlé mi. Tuntun ni mo fẹ́, tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ tó tà á fún mi náà ló máa tọ́jú ẹ̀. Gàràǹtí wà níbẹ̀." Ọ̀rọ̀ gàràǹtí yìí dùn lẹ́nu bàbá mi. Wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo àgbàlá: ohunkóhun tó bá ṣe ọkọ̀ náà, àwọn tó tà á ló máa tún un ṣe, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì ìta kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, bí ọwọ́ mẹkáníìkì ìta bá ti lè kàn án, gàràǹtí ti kú nìyẹn. Ọjọ́ tí ọkọ̀ náà wọlé, aláwọ̀ ewé, ọ̀rá ṣì wà lórí ìjókòó rẹ̀. Ìyá Àgbà ní kí n fa àwọn dìde. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa orí rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń pa orí ọmọ, wọ́n ní, "Lásísì ọmọ mi, o ṣeun. Èyí ló máa gbé mi dé ọ̀dọ̀ Àdúkẹ́." Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ máa gùn ún relé, Ìyá mi. Mo ṣèlérí."

Ọjọ́ kan ni ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń kó iṣu wá sí Agége yà sílé wa. Ó jíṣẹ́ pé ara Ìyá Àdúkẹ́ kò yá, ẹsẹ̀ wọn ti wú, wọ́n sì ní kí ẹ̀gbọ́n àwọn wá kí àwọn fojú kàn wọ́n. Ìyá Àgbà kò jẹun lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, a dì wọ́n sẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rí, wọ́n na ẹsẹ̀ gbọọrọ, a sì gbéra. A kò tíì dé Ṣágámù tí èéfín fi bo iwájú ọkọ̀. Bàbá mi ṣí i, omi ń hó nínú ẹ́ńjìnnì bí ìkòkò ẹ̀wà. Wọ́n bu omi sí i, ó hó. Wọ́n dúró kó tutù, a rìn díẹ̀, ó tún hó. Àwọn mẹkáníìkì wà lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń nawọ́ sí wa, bàbá mi ń mi orí, gàràǹtí. Okùn ni wọ́n fi fa ọkọ̀ tuntun padà, Ìyá Àgbà di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú títí a fi délé, wọ́n sì tún fa ọkọ̀ náà lọ sí Ìkẹjà, sọ́dọ̀ àwọn tó tà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibẹ̀ ṣe rí, nítorí ó pẹ́ kó tó yé mi pé ilé méjì ni. Iwájú ni wọ́n ti ń ta ọkọ̀: kápẹ́ẹ̀tì, afẹ́fẹ́ tútù, omi nínú ife gíláàsì. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe: eruku, òórùn epo, àwọn ọkọ̀ tí wọ́n gbé ka orí búlọ́ọ̀kù tí koríko ti yọ láàárín ẹsẹ̀ wọn. Iwájú ni wọ́n ti gba owó bàbá mi, ẹ̀yìn ni wọ́n ti gba ẹ̀mí sùúrù wọn. Ẹni tó ni ẹ̀yìn yìí ni mánéjà. Màmá mi kọ́ mi pé kí n máa fi ọ̀wọ̀ pe ẹni tó bá jù mí lọ, ṣùgbọ́n n kò ní fi ọ̀wọ̀ pe eléyìí. Ó sanra, ohùn rẹ̀ tutù, kì í bínú. Ó ní pọ́ǹpù omi ló bàjẹ́, pé wọ́n ti ránṣẹ́ sí òkè òkun, ó wà lórí omi. Nítorí Sáàpù, ó ní, ẹ̀yà ọkọ̀ kì í tètè wọlé mọ́. "Ẹ fún mi di ọ̀la, Alàgbà." Bàbá mi fún un di ọ̀la. Lọ́la, ó wà lórí omi. Lọ́túnla, ó ti dé Àpápá, ṣùgbọ́n àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù kò tíì tú u sílẹ̀. Ìdajì oṣù lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún un ṣe, ó gbé bàbá mi dé ibi iṣẹ́ bí ẹ̀ẹ̀mélòó kan, ó tún hó. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ó kú sẹ́nu géètì wọn gan-an, wọ́n sì tì í padà wọlé wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, wọ́n fi í sílẹ̀, ó délé, ó tún hó. Kí ó tó padà síbẹ̀ ni màmá mi mú ọ̀dà pupa jáde. Ní àgbàlá wa, kò sí obìnrin tí kì í sàmì sí ìdí abọ́ rẹ̀, nítorí abọ́ máa ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ, a sì máa gbàgbé ọ̀nà ilé. Àwọn kan máa ń fi ìṣó họ ọ́, àwọn kan a so òwú mọ́ etí rẹ̀. Ìlà pupa mẹ́ta tí òmíràn dábùú wọn ni àmì màmá mi. Ó wà lára kẹ́tùlù, lára ìkòkò, lára kúlà, lára ọmọ odó pàápàá. Wọ́n ní kí n di ìbòrí ọkọ̀ náà mú sókè, wọ́n sì kun àmì náà sára bátìrì, wọ́n kun ún sórí rédíétọ̀, àpótí omi tó ń mú kí ẹ́ńjìnnì tutù. Bàbá mi bá wa níbẹ̀, ẹ̀rín pa wọ́n. Wọ́n ní, "Ìyá Mùlíká, ṣé ìkòkò ọbẹ̀ ni? Ilé iṣẹ́ ńlá ni, wọn kì í ṣe aláàárù." Màmá mi ò wo ojú wọn. Wọ́n ní, "Ohun tó bá ń sùn níta, tí kì í ṣe ewúrẹ́, èmi á sàmì sí i."

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ kejì dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, ìwúkọ́ ti kún un, Ìyá Àdúkẹ́ kò lè jókòó mọ́. Bàbá Onílé fúnra wọn wá jókòó sí pálọ̀ wa lẹ́yìn ìrun Àsárì, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, wọ́n ní, "Lásísì, gbé tèmi. Ó ń rìn. Ẹsẹ̀ Ìyá á gbà nínú ẹ̀." Mo rí i tí ojú màmá mi tàn. Bàbá mi dúpẹ́, wọ́n ní kò ní pọn dandan, wọ́n ní láàárọ̀ yẹn ni mánéjà sọ fún àwọn pé ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, lọ́la ni. Ìyá Àgbà náà ní ká dúró, pé bó bá jẹ́ lọ́la, ọkọ̀ ọmọ àwọn ni kí Àdúkẹ́ rí àwọn nínú rẹ̀. Èyí ni mo ń gbé kiri láti ọjọ́ náà. Ká ní mánéjà yẹn ti la ẹnu rẹ̀ sọ pé, "Alàgbà, kò ṣeé ṣe, ẹ wá ọ̀nà mìíràn," à bá ti wọ ọkọ̀ Bàbá Onílé lọ, à bá sì ti débẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́la ló ń sọ, ẹni tí wọ́n bá sì ti sọ lọ́la fún kì í wá nǹkan mìíràn, ńṣe ló máa ń dúró. Nígbà tí bàbá mi fi máa gbà láti yá tòkunbọ̀ náà, ó ti bá ọmọ Bàbá Onílé lọ sí Ìlaròó, kò sì sí ẹni tó mọ ìgbà tó ń bọ̀.

Ìgbà ìsinmi ilé ìwé ni, màmá mi bá ní kí n tẹ̀ lé àwọn lọ sí Ìkẹjà, wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí ọkọ̀ tí kì í tán. A kò gba iwájú tó ní kápẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yìn la gbà wọlé. Ọkọ̀ dúdú ńlá kan dúró níbẹ̀, wọ́n ń múra àtijáde, wọ́n ṣí ìbòrí rẹ̀ sílẹ̀, awakọ̀ tó wọ aṣọ ṣọ́jà sì fẹ̀yìn tì í, ó ń mu ọsàn. Màmá mi kọjá lára rẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n padà sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Mùlíká, wo ibẹ̀ yẹn." Mo wò ó. Lórí rédíétọ̀ ọkọ̀ náà, ìlà pupa mẹ́ta, òmíràn dábùú wọn. Mánéjà ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú ohùn tútù rẹ̀.

"Ọ̀gá," màmá mi ní, "ọkọ̀ ta lèyí?"

"Mádàámú, èyí ò kàn yín. Ọkọ̀ ọ̀gá kan ní báráàkì ni."

"Ohun tó wà nínú ẹ̀ kàn mí. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kun ọ̀dà yẹn."

"Ọ̀dà pupa pọ̀ láyé, mádàámú."

"Ó pọ̀ lóòótọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ ṣí tiwa ká wò ó."

Kò lè sọ pé rárá, nítorí àwọn oníbàárà mìíràn ti ń wò wá. A lọ ṣí i. Níbi tó yẹ kí rédíétọ̀ wà, ihò ló wà níbẹ̀. Mo rí ilẹ̀ gba inú rẹ̀. Bátìrì náà kò sí níbẹ̀. Mánéjà rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Mádàámú, ẹ rọra. Ṣọ́jà ni wọ́n. Tí wọ́n bá ní kí n tú tinú ọkọ̀ tèmi gan-an, mo máa tú u. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ, a máa wá òmíràn sí tiyín lọ́la." Màmá mi ní, "N ò bá ṣọ́jà sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ tú nǹkan oní-nǹkan, ẹ tún wo ojú ọkọ mi, ẹ ní ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín tú wà lórí omi. Ìyá arúgbó ló ń dúró dè é nílé." Awakọ̀ yẹn ju èèpo ọsàn rẹ̀ sílẹ̀, ó bi wá pé, "Ìyá, ṣé kò sí?" Màmá mi, tí n kò rí kí wọ́n bẹ̀rù ẹnikẹ́ni rí, wolẹ̀. Wọ́n ní, "Kò sí nǹkan kan, ọmọ mi." Wọ́n di ọwọ́ mi mú gírígírí, a sì jáde. Ẹ̀rù tó bà wọ́n lọ́jọ́ yẹn ń bí mi nínú ju olè náà lọ.

Nígbà tí bàbá mi gbọ́, wọ́n ti ẹ̀bà tó wà níwájú wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní, "Ṣé ó dá ẹ lójú?" Màmá mi ní, "Ẹ ń bi mí bóyá mo mọ abọ́ mi." Láàárọ̀ ọjọ́ kejì bàbá mi lọ síbẹ̀, wọ́n sì pariwo débi pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ní láti dì wọ́n mú. Ariwo náà ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi rí rédíétọ̀ àti bátìrì. Kò wà lórí omi, kò sì wá láti Àpápá. Inú ọkọ̀ elòmíràn tó wà lórí búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ti tú u. Mo máa ń ronú nípa ẹni yẹn títí dòní, n kò mọ̀ bóyá òun náà ní ìyá tó ń dúró. Wọ́n ní kí bàbá mi wá gbé ọkọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n débẹ̀ ní òwúrọ̀, ọkọ̀ ti tán, wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó ń dán, ṣùgbọ́n mánéjà, tó máa fọwọ́ sí i kí ẹ̀ṣọ́ tó lè ṣí géètì, ti lọ sí Aláúsá. Bàbá mi jókòó dè é títí wọ́n fi tilẹ̀kùn. Kò padà wá. Ọjọ́rú ni wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n gbé e jáde, wọ́n sì wà á tààrà wá sílé, ẹrù ti wà lẹ́nu ọ̀nà, a sì gbéra kíá.

Ọkọ̀ náà kò hó. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kọjá Ṣágámù, ó kọjá Ìbàdàn, a ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Ọ̀yọ́, bàbá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ìyá Àgbà gbé búrẹ́dì Agége gbọọrọ kan lé itan, wọ́n ní Àdúkẹ́ fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ní àwọn á rẹ ẹ́ sínú omi tíì fún un bí kò bá lè jẹ ẹ́ ní gbígbẹ. Nígbà tí a yà sí àdúgbò wọn, a rí àwọn ènìyàn tí wọ́n pọ̀ níwájú ilé. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Wọ́n ti gbọ́ pé à ń bọ̀." Wọ́n fọn fèrè ọkọ̀.

Gbogbo wọn dìde. Bàbá arúgbó kan, ìbátan wọn tó dàgbà jù nínú ilé, ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà kọ́ ló lọ, ọ̀dọ̀ ọkọ̀ ló lọ. Ó gbé ọwọ́ lé e. Ó ní, "Háà, Lásísì, o kú ìnáwó. Ọkọ̀ yìí á rìn, kò ní rí ibi. Ẹ̀mí rẹ á lò ó pẹ́." Àwọn obìnrin ní àmín. Wọ́n kí àwọ̀ rẹ̀, wọ́n kí ìjókòó rẹ̀, wọ́n ní kí Ọlọ́run pèsè èyí tó jù ú lọ. Ẹnì kan bu omi tútù wá, ẹnì kan gbé àga, ẹnì kan tún bẹ̀rẹ̀ àdúrà ọkọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó wo ojú Ìyá Àgbà. Mo rò pé ayọ̀ ni. Bàbá mi náà rò bẹ́ẹ̀, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́tùn-ún lósì, kọ́kọ́rọ́ ń jó lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àgbà ni Ìyá Àgbà, wọ́n sì mọ ìdí tí a fi ń pèsè omi àti àga fún ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé kí a tó sọ ọ̀rọ̀ fún un. Wọn kò sọ̀kalẹ̀. Wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì lórí itan, wọ́n ní, "Ẹ ti kí ọkọ̀ náà tó. Ìgbà wo lẹ sin ín?"

Àdúrà dúró. Bàbá arúgbó yẹn ní, "Ìdájí ló dákẹ́. A sin ín láàárọ̀ yìí. Ó ń bèèrè yín títí di alẹ́ àná." Alẹ́ àná, ọkọ̀ wa ti tán, ó wà lẹ́yìn géètì ní Ìkẹjà, ó ń dán. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, wọ́n ń pe ìyá wọn. Ìyá Àgbà nawọ́ sí mi kí n fa àwọn jáde. Ó pẹ́ kí wọ́n tó lè dúró. Wọ́n wo bàbá mi nílẹ̀, wọ́n ní, "N ò bá ọ bínú, Lásísì. Dìde. Gbé ọkọ̀ rẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kí àwọn tó ń bọ̀ wá kí wa lè ráyè wọlé."